Ẹni Tí Kò Gbálẹ̀ Náà Ń Jẹun

Ẹnu mi kì í dákẹ́, gbogbo àwọn tó ń dirí lọ́dọ̀ mi ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Torí náà mo sọ ọ́ síta, mi ò fi bò: ìyá mi ò ní tìtorí ìgbálẹ̀ pàdánù ẹsẹ̀ wọn. Mo ti pinnu ìyẹn látọjọ́ tí dókítà ti sọ̀rọ̀.

Ìṣó ló gún wọn ní àtẹ́lẹsẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kì í fi ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ṣeré, ṣùgbọ́n ìyá mi so àkísà mọ́ ọn, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Ìgbà tí mo fi máa rí i, ó ti ń rùn. Dókítà ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ títí òun á fi tún wò ó lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ní tó bá fi lè burú sí i, gígé ni. Kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

Mo gbé wọn wá sílé mi, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn sí yàrá tó kọjú sí ilé ìdáná, kí n lè máa ṣọ́ wọn. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ìyá mi kọ́ ni mo pè lájá o, òwe ni mo pa.

Ìyá Fínnífínní ni wọ́n ń pè wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Abẹ́ àga tí ẹnikẹ́ni ò ní bẹ̀rẹ̀ wò láéláé, wọ́n á nù ún. Ìyẹn ò burú. Èyí tó burú ni pé ọ̀sẹ̀ tí wọn ò bá ti gbálẹ̀, wọn kì í jẹ ara Olúwa. Wọ́n á jókòó sẹ́yìn pátápátá, wọ́n á tẹrí ba bí ọmọ tí wọ́n lé kúrò nídìí oúnjẹ. Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, wọ́n máa tẹ́ tábìlì Olúwa, ìyá mi ò sì tíì fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n sùn nìyẹn, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Pásítọ̀ wá kí wọn. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ṣàlàyé pé ìgbàgbọ́ nínú Jésù ló ń sọ èèyàn di olódodo, pé bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa ló lè ṣe é, kò sídìí tí Jésù fi kú. Ìyá mi ṣe àmín tó délé kejì. Pásítọ̀ ò tíì rìn jìnnà tí ìyá mi fi bi mí bóyá ọṣẹ ṣì kù nílé. Mo ní ọṣẹ ti tán.

Wọ́n wá ní mi ò mọ irú èèyàn tí àwọn jẹ́ nígbà ọ̀dọ́, pé àwọn ṣìwà hù.

"Ṣé ọwọ́ òfo ni kí n gbé dé iwájú Ọlọ́run?"

Inú ń bí mi, àánú wọn sì tún ń ṣe mí.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ìyàwó kan wá dirí ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò tíì kọjá ìdajì orí rẹ̀ tí mo rántí ọṣẹ tí ìyá mi ń béèrè. Mo ní kó fara balẹ̀ dè mí, mo sì sáré lọ sílé. Bẹ́ẹ̀dì ṣófo. Ẹnu géètì ni mo ti bá ìyá mi, tí wọ́n ń fìdí wọ́ lọ nílẹ̀, wọ́n ń ti garawa síwájú, ìgbálẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kúkú ò fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ẹ gbọ́ àwíjàre! Báńdéèjì ti dọ̀tí, ẹ̀jẹ̀ sì ti yọ lára rẹ̀.

Mo di ìgbálẹ̀ náà mú. Àwọn náà dì í mú. A jọ ń fà á. Nígbà tó yá, mo jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tèmi ti aṣọ iṣẹ́ mi.

Ìyá yìí kọ́ ló bí mi. Nígbà tí mi ò tíì ga tó tábìlì, obìnrin kan fi mí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó ní òun ń bọ̀, kò sì padà wá mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí àwọn yìí náà má lọ lé mi. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, mo ti gbálẹ̀, mo ti fọ abọ́, kódà mo máa ń tún èyí tó mọ́ fọ̀. Mi ò ní fẹnu kan oúnjẹ tí mi ò bá tíì ṣiṣẹ́.

"Mọ́mì, kí lẹ ṣe lọ́jọ́ tí ẹ bá mi nídìí abọ́?"

Wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tún bi wọ́n.

"Mo gba kànìnkànìn lọ́wọ́ ẹ."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní ọmọ mi ni ẹ́, o kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Mo ní kó o jókòó, kó o jẹun."

"Iṣẹ́ wo ni mo ṣe tí mo fi di ọmọ yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

"Èmi wá ńkọ́? Kí ni mo ṣe?"

"O gbà mí gbọ́," wọ́n ní. "O jókòó, o jẹun."

Wọ́n gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara wọn. Mo sọ fún wọn pé mo ṣì ń gbálẹ̀ fún wọn títí dòní, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kọ́ ló ń jẹ́ kí n gbá a mọ́. Wọ́n bú sẹ́kún, ọwọ́ wọn sì tú kúrò lára ìgbálẹ̀. Nígbà tí a wọlé, wọ́n na ẹsẹ̀ sí mi pé kí n bá àwọn fọ ọgbẹ́, àwọn tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan fún wọn. Oníbàárà mi wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ìdajì irun bú mi.

Ẹsẹ̀ náà ṣì wà lára wọn lónìí. Mo ní kí n tètè sọ ọ́, kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Ní Sọ́ńdè, a fi àga gbé wọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ní kí wọ́n gbé wọn síwájú. Ẹni tó gbálẹ̀ ò mọ̀ ọ́n gbá. Ìyá mi wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n wo abẹ́ àga, wọ́n yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí mi létí pé ìdọ̀tí wà níbẹ̀ o. Mo ní mo ti rí i.

Búrẹ́dì kàn wọ́n. Wọ́n wo ọwọ́ wọn, kò sí ọṣẹ níbẹ̀, kò sí erùpẹ̀. Wọ́n tẹ́ méjèèjì bẹ́ẹ̀, lófìfo, wọ́n gbà á, wọ́n sì jẹ ẹ́.