Ọmú Arẹwà

Arẹwà gbé ẹsẹ̀, ó ta garawa nípàá, wàrà sì dà sí Suara lẹ́sẹ̀.

"Bàbá Suara, ìyàwó ti kọ̀ yín o!" ni Sànní ké láti ìdí màlúù tirẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń fún wàrà láàárọ̀ ọjọ́ náà bú sẹ́rìn-ín.

Suara ò rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹrin rèé tó ti ń fún wàrà abo màlúù yìí nínú ọgbà màlúù tó wà lẹ́yìn rélùwéè l'Ágége, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè fọwọ́ kàn án. Àfìgbà tó lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́, lásìkò òjò ọdún 1956 yìí, tí wọ́n fi Arẹwà lé Àṣírù lọ́wọ́, ọmọ Ìlọrin tí kò tíì lo oṣù mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan péré! Suara dé, ó bá a tí màlúù ń lá ọmọkùnrin náà lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jowú bí ìyáálé tí ọkọ gbé ìyàwó kékeré wọlé, òun náà sì mọ̀ pé owú ni.

Ó fọwọ́ kan ọmú ẹ̀yìn lápá òsì. Ó le, ó wú, ó gbóná janjan. Ọmọ Arẹwà sún mọ́ ibẹ̀ láti mu, ìyá rẹ̀ fẹsẹ̀ gbá a dànù.

Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró, alábòójútó ọgbà, ti dúró lẹ́yìn wọn. "Ta ló ba ọmú yìí jẹ́?"

"Àṣírù ni, sà," Suara dáhùn kíákíá. "Nígbà tí mo lọ sìnkú, kì í fún un tán kó tó dìde."

Àṣírù sáré dé. "Háà, Bàbá! Lọ́jọ́ tí mo dá a padà fún yín, àwa méjèèjì la jọ wo kọ́ọ̀pù dúdú. Wàrà rẹ̀ mọ́ tónítóní."

Òfin ọgbà ni kọ́ọ̀pù dúdú. Kí wọ́n tó fún wàrà sínú garawa, inú rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ fún díẹ̀ sí, nítorí pé ara dúdú ni wàrà tó bá ti dì ti máa ń hàn. Òótọ́ sì ni Àṣírù sọ. Ìjẹta ni Suara ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i tí wàrà náà ṣe kókó bí ògì tí wọn ò rò dáadáa. Ó dà á nù, ó fi iyanrìn bò ó. Bó bá sọ, wọ́n á mú Arẹwà lọ sí ilé àwọn màlúù tó ń ṣàìsàn, Àṣírù ló sì ń tọ́jú ibẹ̀. Ó kúkú tẹ́ ẹ lọ́rùn kó máa fi òrí pa ọmú náà ní ìkọ̀kọ̀.

"Àṣírù, kó ẹrù rẹ," Olúgbénró wí.

Ká má purọ́, inú Suara dùn. Díẹ̀ ló kù kó rẹ́rìn-ín.

Àṣírù ò bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ọmú náà. "Màá lọ, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi Bàbá, ọjọ́ mélòó ló ti ń ṣe é? Bó bá jẹ́ òní ló bẹ̀rẹ̀, omi gbígbóná àti fífún lè tó. Bó bá ti di ọjọ́ mẹ́ta, àfi ká pe dókítà màlúù lónìí yìí, kí Arẹwà má lọ kú."

"Ọjọ́ mélòó, Bàbá?" ni Olúgbénró bi í.

Suara wo Àṣírù. Pé ọmú màlúù ni ọmọkùnrin náà ń rò, tí kò ro ti ara rẹ̀, ló dùn ún jù. Ọmọ Arẹwà ké.

"Ọjọ́ kẹta rèé, sà. Èmi ni mo rí i tí mo fi pa mọ́. Àṣírù ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Olúgbénró pariwo mọ́ ọn. "Ẹ̀yin àgbà! Ẹ ò ní fún màlúù kankan mọ́ nínú ọgbà yìí. Koríko lẹ ó máa gé. Àṣírù, má kó ẹrù rẹ mọ́." Ó sáré lọ ránṣẹ́ pe dókítà.

Suara dìde, ó fẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó rẹ̀ sọ́dọ̀ Àṣírù. "Jókòó. Fún un kí dókítà tó dé."

Àṣírù jókòó. Ara Arẹwà gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò ta ìpá. Suara di okùn ọrùn rẹ̀ mú, ó kọjú sí ògiri, ó ń gbọ́ bí wàrà burúkú náà ṣe ń dún nínú garawa Àṣírù.