Omi Lẹ́nu Ìyá Olùkọ́

Ẹ̀rín ló lé akẹ́kọ̀ọ́ méjì àkọ́kọ́ lọ. Kì í ṣe pé Ìyá Olùkọ́ burú. Bí èèyàn bá ti gbé ìdáhùn gba ibi tí kò yẹ, ikùn Ìyá á kọ́kọ́ mì, ọmú tó ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá ìdodo á máa jó tẹ̀lé e, kó tó mọ̀, ó ti bú sẹ́rìn-ín, ará ilé kejì á sì máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì nílé ìwé ló ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìṣirò nínú pálọ̀ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kẹta, káfíńtà kan, ń bọ̀, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin kìlọ̀ fún un pé bí káfíńtà yìí náà bá sá, kó yáa ká pátákó ìkọ̀wé kúrò nílẹ̀, kó máa wo tẹlifíṣọ̀n bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìyá Olùkọ́ ò lè wo tẹlifíṣọ̀n. Oorun ló máa ń gbé e lọ níbẹ̀, á sì máa hanrun títí á fi jí ara rẹ̀.

Ló bá bu omi sí ife ńlá kan. Bí káfíńtà bá ti fẹ́ dáhùn, òun á fomi kún ẹnu. Ta ló lè fẹnu tómi kún rẹ́rìn-ín?

Káfíńtà dé, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí àga ń ké lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, ìṣirò ló sì ń fà á sẹ́yìn. Ìyá ní kó fojú inú wo pákó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá: bí wọ́n bá gé e sí wẹ́wẹ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹsẹ̀ kan, mélòó ni yóò jẹ́? Ó yára gbé ife sẹ́nu.

“Mẹ́sàn-án,” ni káfíńtà wí.

Ẹ̀rín dé ọ̀fun, ó bá omi lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Ó kàn ń mi orí, ó ń fọwọ́ júwe pé kó máa bá a lọ.

Káfíńtà wò ó títí. Kò sẹ́ni tó fún un láyè tó bẹ́ẹ̀ rí lórí ìṣirò. Ó ṣàlàyé pé òun mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin méjìlá náà ni. Ó fi ìka wọn etí tábìlì. Ó ní bí ẹyọ kan ò bá tó ẹsẹ̀ kan, á jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ ju méjìlá lọ.

“Tí mo bá gé e lára ẹsẹ̀ mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́rin á ṣẹ́kù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di ẹyọ kan sí i. Ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹyọ mẹ́rin. Ẹsẹ̀ méjìlá, mẹ́rìndínlógún ni, Mà.”

Inú Ìyá dùn débi pé ó la ẹnu láti yìn ín. Omi tú fùú sára ìwé àti irùngbọ̀n káfíńtà.

Káfíńtà nu ojú. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá náà rín in títí ó fi fún itan mọ́ra, torí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ẹni tó ń fọkàn tán àpò ìtọ̀.

“Gbọ́, ọmọ mi,” ló wí nígbà tó rí èémí mí. “Ibi tó o ti sọ pé ó gbọ́dọ̀ ju méjìlá lọ ló wù mí jù. Bí wọ́n ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò nìyẹn. Máa ṣe bẹ́ẹ̀.”

Ó bi í ní òmíràn. Káfíńtà tún ṣì í, ife sì ti gbẹ. Ẹ̀rín ń gùn bọ̀. Ìyá dá a gbé mì bí oògùn kíkorò.

“Báwo lo ṣe ṣe é?”

Káfíńtà fa ìwé tútù náà súnmọ́ Ìyá, ó ń tọ́ka. Fóònù rẹ̀ dún. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ò tíì ń bọ̀, òun ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, ó sì da ojú fóònù délẹ̀.