Ilé Tí Atẹ́gùn Kò Rí Wọ̀

Nígbà tí Noreen wà láyé, òun ló ń bójú tó ilé kejì tí òun àti ọkọ rẹ̀ rà sí Ballarat láti máa fi gba owó ilé. Ó mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n kun pákó ara ilé, ó mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n kó ewé kúrò nínú ọ̀ṣọ̀rọ̀ òrùlé. Kò sí ọdún kan tí òtútù yóò dé tí kò ní pe ọkùnrin tó ń yẹ gáàsì wò, kí ó wá tú ẹ̀rọ onígáàsì tó ń mú pálọ̀ móoru palẹ̀. Lindsay Prowse, ọkọ rẹ̀, kàn ń bá a di àkàbà mú ni. Noreen kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo rẹ̀ sì já lé Lindsay lórí.

Ayálégbé tó wà nínú ilé náà ń jẹ́ Tegan Haddow. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, òun àti Jarrah ọmọ rẹ̀, tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iléèwé, ni wọ́n jọ ń gbé. Kì í yọ èèyàn lẹ́nu. Nígbà tó pe Lindsay ní ìbẹ̀rẹ̀ òtútù, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ti ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan.

"Lindsay, ẹ má bínú o. Ilé yìí ti tutù jù. Aṣọ òtútù ni Jarrah ń wọ̀ sùn."

"Mo ti gbọ́. Màá wá ṣe é."

Ó sọ fún Mervyn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí òun náà ní ilé tó fi ń gba owó, níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́bàá pápá tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù lórí koríko.

"Tó o bá ń pe oníṣẹ́ sí gbogbo ohun tí ayálégbé bá sọ, oníṣẹ́ ló máa jogún ilé ẹ," ni Mervyn wí. "Kí lo fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì yẹn ṣe?"

"Ẹni tó ń yẹ gáàsì wò ńkọ́? Àsìkò ti tó tí Noreen máa ń pè é."

"Ṣé iná ń jó?"

"Ó ń jó."

"Kí ló tún fẹ́ wá wò níbẹ̀? Ṣé kò rí iná rí ni?"

Lindsay rẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú. Ó ní òun yóò pe ọkùnrin náà tí òtútù bá lọ tán.

Àwọn ilé onípákó àtijọ́ bí irú èyí máa ń ní ihò afẹ́fẹ́ lára ògiri, lókè lẹ́bàá àjà, tí wọ́n fi àwo oníhò bò. Lindsay ki fóòmù sínú gbogbo wọn, ó rẹ́ wọn, ó kùn wọ́n ní ọ̀dà funfun, ẹnikẹ́ni kò sì lè mọ̀ mọ́ pé ihò wà níbẹ̀ rí. Ó kan rọ́bà mọ́ ìdí ilẹ̀kùn àti etí fèrèsé. Ó wá gbé fáànù ńlá kan sókè sítóòfù, kí ó máa fa ooru ìdáná síta. Nígbà tó ṣe tán, Tegan dúró láàárín pálọ̀, ó wo aṣọ fèrèsé.

"Kò mì mọ́," ló wí. "Lindsay, ẹ ti fẹ́ sè wá jinná báyìí."

Ó dùn mọ́ Lindsay nínú. Èyí tó kù nínú fóòmù náà, ó gbé e lọ sí ilé tirẹ̀ ní Creswick, ó fi dí ihò ibẹ̀ náà.

Nígbà tó tún gbọ́ ohùn Tegan, ọpẹ́ ló fi pè é.

"Ilé móoru dáadáa. Ṣùgbọ́n àìsàn òtútù tó ń jà kiri yìí ti mú wa. Orí ń fọ́ wa, èébì sì ń gbé Jarrah."

"Ẹ mu nǹkan gbígbóná."

"Tí n bá ti dé ibi iṣẹ́, ó máa ń fi mí sílẹ̀. Bóyá àwọn arúgbó yẹn ló ń gbà á lọ́wọ́ mi."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí òjò ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́, Lindsay dáná igi sínú ààrò pálọ̀ rẹ̀, ó lọ sí ilé ìdáná láti dín ẹran. Òórùn ọ̀rá fẹ́ pọ̀, ó tan fáànù tó wà lókè sítóòfù tirẹ̀. Kò pẹ́ tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Nígbà tó yọjú sí pálọ̀, èéfín igi kò gòkè lọ mọ́ nínú símínì, ihò tó ń gbé èéfín gba òrùlé jáde, ńṣe ló ń rọ́ wálẹ̀ sínú ilé. Ó ṣí fèrèsé, èéfín yí padà, ó gòkè lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ti fèrèsé padà. Èéfín sọ̀ kalẹ̀.

Ó dúró lójú kan. Fáànù ń fa afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ mìíràn kò sì rí ibì kankan gbà wọlé àfi inú símínì. Èéfín igi ń ta ojú, a sì ń rí i. Ti ẹ̀rọ onígáàsì ilé Tegan, tí òun náà ń gba inú símínì jáde, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó rántí ẹ̀fọ́rí tó ń fi Tegan sílẹ̀ tó bá ti kúrò nílé.

Ó pè é. Kò gbé e. Ó pè é títí tó fi dé ìdí ọkọ̀.

Ọkọ̀ Tegan wà níwájú ilé. Aṣọ fèrèsé wà ní títì, omi sì ń ṣàn lára gíláàsì láti inú. Lindsay kanlẹ̀kùn, ó pe orúkọ rẹ̀. Ó ń gbọ́ fáànù tó ń kùn ní ilé ìdáná. Kọ́kọ́rọ́ wà nílé tirẹ̀ ní Creswick, níbi tí Noreen máa ń fi í kọ́ sí, kò sì rántí mú un.

Ó gbé ọwọ́ sí fèrèsé, ó tún gbé e kúrò. Ó ti wọ ilé yìí rí láti wo ẹ̀rọ omi láìsọ tẹ́lẹ̀ fún ayálégbé tó wà níbẹ̀ nígbà náà, ìyẹn sì gbé e lọ síwájú àwọn tó ń dá ẹjọ́ onílé àti ayálégbé. Wọ́n bá a wí bí ọmọdé níṣojú ìyàwó rẹ̀. Noreen kò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé. Láti ìgbà náà, kò gun àtẹ̀gùn ilé yìí láìkọ̀wé ṣáájú. Tó bá jẹ́ pé Tegan kàn ń sùn ni ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé ó wà ní ilé ìwẹ̀?

Ó tún pè é. Fóònù dún nínú ilé, nítòsí, lẹ́yìn aṣọ fèrèsé gan-an. Ó dún títí ó fi dákẹ́.

Lindsay yọ bíríkì kan láti etí ibi tí wọ́n gbin òdòdó sí, ó fi fọ́ gíláàsì, ó gba ibẹ̀ wọlé, ó ṣílẹ̀kùn.

Tegan ló kọ́kọ́ fà jáde. Orí àga gígùn ló bá a, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó wà nínú oòrùn. Ó padà wọlé, ó pa ẹ̀rọ, ó wọ yàrá. Jarrah kò wúwo rárá. Ó tẹ́ ẹ sórí koríko tútù, ó gbá a létí, ó gbé etí lé e láyà, ó sì pe àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé aláìsàn.

Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ dé gbé ọmọ náà lọ. Nínú ọkọ̀ kejì, Tegan lajú, ó yọ ìbòmú tí wọ́n fi ń fún un ní afẹ́fẹ́.

"Jarrah ńkọ́?"

"Ó ti lọ ṣáájú. Ó ń mí," ni Lindsay wí. Kò sọ pé ọmọ náà kò tíì lajú.

"Ògiri tó wà lókè ẹ̀rọ yẹn ti ń dúdú láti ọjọ́ mẹ́ta kan. Mo ń nù ún."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ yẹn tán fún wa ni. Mi ò fẹ́ kí ẹ sọ pé wàhálà mi ti pọ̀ jù. Kò sílé nílùú yìí, Lindsay. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí èyí ní ká kó jáde."

Nọ́ọ̀sì dá ìbòmú padà sí i nímú, ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Lindsay wa ọkọ̀ tirẹ̀ tẹ̀lé wọn. Nílé ìwòsàn, dókítà kan jáde wá láti inú yàrá tí wọ́n gbé Jarrah wọ̀, ó wo àwọn tó jókòó, ó wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Kí lẹ jẹ́ sí ọmọ yìí?"

"Onílé wọn ni mí."

Dókítà náà ní, ṣé kò sí ẹbí rẹ̀ kankan níbí, ẹbí nìkan lòun lè sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí fún.