Bọ́tìnnì Méje, Àlàfo Mélòó?

"Bọ́tìnnì méje ni, Màmá, méje náà ni mo sì pín gígùn ẹ̀wù sí!"

Ìyá Aránṣọ wo ibi tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ẹ̀wù, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ ò dé ìsàlẹ̀! Ṣé kí ikùn oníkùn máa yọjú kí gbogbo àdúgbò ni? Tíṣà ìṣirò! Láàárín bọ́tìnnì méjì, àlàfo mélòó ló wà?"

"Ọ̀kan."

"Mẹ́ta ńkọ́?"

"Méjì."

"Ogún ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà ò tilẹ̀ kà á. "Mọ́kàndínlógún! Háà, Màmá, ohun tí mo ń wá kiri nìyí."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, alábòójútó iléèwé wá wo bó ṣe ń kọ́ni. Àwọn ọmọ ka àpẹẹrẹ rẹ̀ bí ayékòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀gá náà ṣe yí nọ́ńbà padà báyìí, ìdáhùn àkọ́kọ́ náà ni wọ́n tún ń kà. Àárọ̀ òní ló ń padà bọ̀. Bí kò bá tún dára, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ó fa páálí kan yọ, ó kọ ọ́ gàdàgbà: *Yọ ọ̀kan kúrò nínú iye bọ́tìnnì, iye àlàfo ló kù.*

"Iye yòówù kó jẹ́," Ìyá Aránṣọ fi kún un, ó gbé àyà síwájú. "Ogójì ọdún rèé tí mo ti ń ránṣọ. Òfin ni!"

"Tìmùtìmù tí ẹ jókòó lé ńkọ́, tí bọ́tìnnì yí etí rẹ̀ po?"

Màmá dìde, ó fà á yọ. Bọ́tìnnì mẹ́jọ. Ó fi ìka tọ àwọn àlàfo yíká. Mẹ́jọ. Ó tún un kà.

"Yéè! Òfin mi ti fọ́, ìdí mi ni mo sì fi bò ó mọ́lẹ̀ látọjọ́ yìí!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ó yí po ni, Màmá. Èyí tó kẹ́yìn tún pàdé èyí àkọ́kọ́."

"Kọ ìyẹn náà sí i, kí wọ́n há a sórí."

Ọmọbìnrin náà mú bírò, ó dúró, ó sì ká páálí náà sí méjì. "Mi ò ní kọ nǹkan kan fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní tìmùtìmù yẹn."

"Bí wọ́n bá ṣì í lójú ọ̀gá ńkọ́?"

"Wọ́n á ṣì í, Màmá. Ẹ̀yin náà ṣì í, ẹ sì rí i fúnra yín."

Ìyá Aránṣọ gbọn eruku ara tìmùtìmù dànù, ó nà án sí i, ó wá rọra jókòó sórí àga lásán.

"Máa lọ. Ṣùgbọ́n tètè dé o, ìdí àgbà kì í ṣe pákó."