Ìrọ̀rí Tó Wo Egbò Alfa Sàn

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá mi, Alfa Àbdùlbáàkí, dùbúlẹ̀ nílé wa ní àdúgbò Limawa, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n ń fi sùn. Egbò ti bẹ́ sí ìbàdí wọn lápá ọ̀tún, ó tóbi tó ẹyin adìẹ. Nọ́ọ̀sì Mọ̀ríámọ̀, tó ń wá wẹ egbò náà, ní bí wọn kò bá yé fi ara tẹ̀ ẹ́, yóò jẹ dé eegun.

"Alfa, ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀gbẹ́ òsì yín lélẹ̀."

"Haba! Kí n kẹ́yìn sí Gábàsì, ìhà Mẹ́kà? Bí ikú bá bá mi bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Egbò yìí gan-an ló máa lọ pe ikú ọ̀hún wá!"

Bàbá kò gbà. Mo jókòó, mo ń wo ibùsùn náà bí mo ṣe máa ń wo ẹ̀rọ ìránṣọ mi tó bá kọ̀ṣẹ́. Gábàsì kò ṣeé gbé kúrò, ṣùgbọ́n ìrọ̀rí ṣeé gbé. Mo gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ ibùsùn. Èmi àti nọ́ọ̀sì gbé orí Bàbá síbi tí ẹsẹ̀ wọn wà tẹ́lẹ̀, a fi ẹ̀gbẹ́ òsì wọn lélẹ̀.

"Bàbá, ibo lẹ kọjú sí?"

Wọ́n wo fèrèsé títí. "Gábàsì ni o! Haníyyàh, ọlọ́gbọ́n ni ọ́!"

Láti ọjọ́ náà, wákàtí méjì méjì la ń yí wọn díẹ̀ síwá sẹ́yìn lórí ẹ̀gbẹ́ òsì náà, a kò sì jẹ́ kí ohunkóhun tẹ egbò náà mọ́. Jímọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń wọ̀n ọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, awọ tuntun bò ó pátápátá.

"Ẹ gbé mi jókòó síta," ni Bàbá wí. "Kí àwọn tó ti ń wá ibi tí wọ́n máa sin mí sí wá kí mi."