Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Oògùn

Fèyíkẹ́mi ọmọ mi ló kọ́kọ́ sọ pé ká máa ti oògùn mi mọ́nú àpótí. Mo ní kí ló dé? Ta ni ọmọ ọwọ́ nínú ilé yìí? Débọ́lá ọmọ rẹ̀ ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó sì ti ga jù mí lọ. Ọmọ tó ń dá dáná, ṣé òun ló máa wá bu oògùn arúgbó jẹ bíi súìtì? Fèyíkẹ́mi mí kanlẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó bọ́ sínú kèké, ó di yunifásítì tó ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Àtọ̀sán àtalẹ́, ibẹ̀ ló ń wà.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, Umarari, àdúgbò tí à ń gbé lókè ọya níbí, ò bá mi lára mu. Látìgbà tí ọkọ mi ti kú ní Ìkìrun, tí Fèyíkẹ́mi lọ kó mi wá síbí, ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Àwọn aládùúgbò á ní, "Sannu, Kaka," bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbí nìyẹn. Èmi náà á ní sannu, ọ̀rọ̀ bùṣe. Hausa ló yá Débọ́lá lẹ́nu. Tí mo bá bi í ní nǹkan, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Kaka," á sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Inú agolo bisikíìtì ni oògùn mi wà: ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ṣúgà, ti orúnkún. Ìka mi ò lágbára láti tẹ oògùn jáde nínú káàdì rẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá ti rà á dé, Débọ́lá á bá mi tẹ gbogbo rẹ̀ sínú agolo lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra. Ohun tí Débọ́lá mọ̀ ni pé tí orúnkún bá ti ń ro Kaka, Kaka á ṣí agolo, ara á sì tù ú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru mú gan-an, mo pe ọmọ yìí títí, kò dáhùn. Inú bí mi. Mo fi ọ̀pá ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilẹ̀ ló jókòó sí, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Agolo mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Yéè! Débọ́lá, kí lo lò?"

"Nǹkan oṣù ni, Kaka. Inú ń run mí. Mo lo àwọn funfun yẹn."

Oògùn ṣúgà ni funfun. Mo mọ gbígbọ̀n yẹn, ó máa ń ṣe èmi náà tí mi ò bá jẹun. Mo po ṣúgà mọ́mi, mo ní, "Gbé e mì, ọmọ mi, jọ̀ọ́." Ó gbé e mì. Mo sáré jáde láìwọ bàtà. Ìwọ̀nba Hausa tí mo gbọ́ fò lọ lórí mi, mo bá kígbe, "Ẹ gbà mí o! Ọmọ mi ń kú lọ!" Ẹnikẹ́ni ò bi mí pé kí ni mo wí. Ọlọ́kèké kan ló gbé wa dé ọsibítù.

Wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, mo ní, "Ògiri kan ló wà láàárín wa. Kí ló dé tí o ò pè mí?"

"Ẹ máa ń dá sọ̀rọ̀, Kaka. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ kí n dí yín lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo sunkún níwájú àwọn nọ́ọ̀sì.

Fèyíkẹ́mi ra àpótí irin, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ́rùn. Oògùn kò kúrò nínú káàdì rẹ̀ mọ́. Inú kọ́kọ́ bí mi, pé odindi èmi ni mo ń dúró de ọmọ kí n tó lo oògùn! Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kó tó wọ kèké, ó gbọ́dọ̀ wọlé, kó tẹ oògùn sí mi lọ́wọ́, kó jókòó títí màá fi gbé e mì. Á bi mí bí mo ṣe sùn. Débọ́lá á gbé omi wá, òun náà á jókòó. Mo máa ń rọra mu omi yẹn ni.

Lánàá, Fèyíkẹ́mi fi kọ́kọ́rọ́ tuntun sí mi látẹ́lẹwọ́. "Màámi, mo ti ṣe ìkejì. Ẹ ṣáà tọ́jú rẹ̀ sọ́wọ́ ara yín, kí Débọ́lá máa tẹ oògùn fún yín lójú yín. Ẹ ò ní máa dúró dè mí mọ́."

Mo yára dá a padà fún un. "Mú un lọ. Màá sọ ọ́ nù ni."

Irọ́ ni. Mi ò sọ kọ́kọ́rọ́ nù rí láyé mi.