Alùpùpù Ọ̀gá Pulọ́ọ̀gì

Ẹ̀kán ọ́ìlì mìíràn já bọ́ sórí páálí funfun tí obìnrin aránṣọ kan tẹ́ sábẹ́ alùpùpù ọkọ rẹ̀. Ó dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì àgbàlá, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ti ilẹ̀, ó ń wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Ọ́ìlì náà rọra kóra jọ sẹ́nu irin, ó dúdú, ó ń dán, ó fà gùn, ó sì tún já. Tó!

"Ibo lo tiẹ̀ ti ń jáde, ìwọ nǹkan yìí?"

"Rárá," ni ọkọ rẹ̀ wí láti orí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Aránṣọ kò wo ẹ̀yìn. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé ọkọ rẹ̀ ṣubú, tó gba apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù sí i lẹ́nu. Wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, rárá. Wọ́n bá kí i, rárá. Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Pulọ́ọ̀gì, tó jẹ́ pé bí alùpùpù bá ti ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán ni yóò ti sọ àìsàn tó ń ṣe é, kí ẹni tó gùn ún tó sọ̀ kalẹ̀! Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì tilẹ̀ máa ń fi rárá náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ti tán.

Ìrọ̀lẹ́ òní ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ń bọ̀ pẹ̀lú mọ́tò. Alùpùpù yìí náà ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Òun ni aránṣọ fi ń gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ń bá a na apá àti ẹsẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ́ìlì tó ń jò ta sí táyà ẹ̀yìn. Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, táyà yọ̀, àwọn méjèèjì sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ojú ọkọ rẹ̀ bó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n gbọ́, kò pariwo. Ó kàn sọ lórí fóònù pé:

"Ìyàwó wa, bí o bá rí ohun tí kò ní pa á fi gbé e lọ gba ìtọ́jú, kò burú. Bí kò bá sí, jẹ́ kí n wá mú àbúrò mi. Ẹ̀yìn ọsibítù náà ni ilé mi wà."

Ohun tó dùn ún jù ni pé kò rí ibi tó ti burú nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kí ni ayé yóò máa wí? Pé nígbà tí ara ọkùnrin le, ó rọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó di aláìlera, ó ní kí wọ́n wá gbé e.

Ọmọọṣẹ́ ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń dí ojú irin kí ọ́ìlì má jò, ló pààrọ̀ nígbà méjèèjì, ọ́ìlì sì tún wá ọ̀nà jáde nígbà méjèèjì. Nígbà tí aránṣọ tún pè é, ọmọọṣẹ́ náà ní, "Màmá, ẹ má bínú. Alùpùpù yẹn ti darúgbó. Ẹ gbé e fún àwọn tó ń ra irin."

Aránṣọ dìde. Ó bu pẹtiróòlù sínú agolo, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fọ ẹ́ńjìnnì láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí irin fi yọ àwọ̀ eérú. Ó ti rí i rí tí ọkọ rẹ̀ ń bu pọ́dà sára ẹ́ńjìnnì kí ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà lè hàn. Kò sí pọ́dà nílé. Ó wọ yàrá ìránṣọ, ó kó ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára aṣọ, ó lọ̀ ọ́ lúbúlúbú, ó fẹ́ ẹ sára irin náà títí gbogbo rẹ̀ fi funfun báláú. Ó fẹsẹ̀ ta á. Alùpùpù gbin, ó wú ikọ́, ó dáhùn.

Kò pẹ́ tí ojú dúdú kan fi là nínú funfun náà, lábẹ́. Òmíràn là lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. Òmíràn tún là lókè. Kò sí ibi tí kò ti fẹ́ jò!

Ó pa á. "Ọ̀gá," ó wí. Bí àwọn ọmọọṣẹ́ ṣe ń pe ọkọ rẹ̀ nìyẹn, òun náà sì ti fi ṣeré títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu. "Ọ̀gá, ẹ wò ó. Ṣé ibí ni?" Ó fọwọ́ kan abẹ́.

"Rárá."

"Ẹ̀gbẹ́ jíà?"

"Rárá."

"Òkè ńkọ́?"

"Rárá! Rárá!" Itọ́ dà sí ọkọ rẹ̀ lágbọ̀n. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń lu apá àga.

Bó ṣe máa ń pariwo nìyẹn nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé e sórí alùpùpù. Ó ti pẹ́ tí aránṣọ ti gbà nínú ara rẹ̀ pé ọkọ òun kò fẹ́ ìtọ́jú mọ́, pé ayé ti sú u. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń gbé e kiri láyà, ó sì wúwo ju ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ lọ.

Sípánà fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó lu ògiri.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mi ò kọ́ iṣẹ́ yìí! Aṣọ ni mò ń rán! Rárá, rárá, rárá! Ṣé ikú lẹ fẹ́ ni? Bó bá jẹ́ ikú ni, ẹ jẹ́ kí n mọ̀, kí n yé da ara mi láàmú!"

Ọkọ rẹ̀ ń wò ó, omi lé ròrò sí i lójú. Ìtìjú mú aránṣọ débi pé kò lè wò ó padà. Ó fẹ́ dìde lọ fọ ọwọ́. Ló bá nawọ́ di pákó ìfẹ̀yìntì alùpùpù mú kó lè fa ara rẹ̀ sókè.

Kò gbọ́ "rárá" lẹ́nu ọkọ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ó dúró bẹ́ẹ̀, kò jókòó, kò dìde tán. Ó gbé ọwọ́ lé táǹkì. "Rárá." Ó dá a padà sórí pákó ìfẹ̀yìntì. Ọkọ rẹ̀ pa ẹnu mọ́, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ibí?" Ó tún tẹ ọwọ́ mọ́ ọn. "Ibí ni?"

Ọkọ rẹ̀ dákẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe pákó náà nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé láti ọsibítù. Ó fi tìmùtìmù bò ó, ó sì fi wáyà dè é mọ́ irin ìdí alùpùpù le dan-in dan-in, kí ọkùnrin náà má baà ṣubú sẹ́yìn. Ó tẹ̀ ba, ó wo abẹ́ ìjókòó. Wáyà náà ti fún ọ̀pá rọ́bà kan mọ́ irin, ó ti pẹlẹbẹ bí okùn bàtà. Ó fi ìka tọ ọ̀pá náà lọ. Inú ẹ́ńjìnnì ló ti wá.

Ó wá rántí bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń bá àwọn ọmọọṣẹ́ wí: "Ẹ́ńjìnnì náà ń mí. Ẹ bá dí i nímú, á gba ibòmíràn tú jáde." A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, gásíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ń bá jà láti ọjọ́ yìí.

Ó gé wáyà náà, ó tún pákó dè sí apá kejì. Ó fọ ẹ́ńjìnnì, ó fẹ́ ìyókù ṣọ́ọ̀kì sí i, ó rọ ọ́ìlì kún un, ó ta á. Ó fi ìka sẹ́nu ọ̀pá rọ́bà. Atẹ́gùn gbígbóná ń lu ìka rẹ̀, fú, fú, fú. Ó gun alùpùpù náà dé òkè, ó gùn ún padà. Abẹ́ rẹ̀ funfun. Páálí gbẹ.

Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ṣé ohun tí ọkùnrin yìí ti ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn? Pé wáyà náà kò dára níbẹ̀, pé yóò pa àwọn méjèèjì? Òun sì ń gbọ́ ikú nínú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dárí jì mí."

Ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ òsì nu ọ́ìlì tó wà níwájú orí ìyàwó rẹ̀, ó sì túbọ̀ fi kùn ún dé imú. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Orí ẹ̀rín náà ni ẹ̀gbọ́n bá wọn. Aránṣọ kúnlẹ̀ kí i, kò sì jẹ́ kó jókòó.

"Àǹtí, ó ti dára! Ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá ò ní láti lọ mọ́."

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa. "Mo rí i. O káre, ìyàwó wa. Ìwọ alára ńkọ́?"

"Mà?"

"Kò burú. Kí ni àbúrò mi sọ sí i?"

"Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n. Wọ́n ti ń dá wa lóhùn, Àǹtí! Ohun tí wọn ò bá fẹ́, wọ́n á ní rárá. Èyí tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n á dákẹ́." Inú rẹ̀ ń dùn, nítorí ó ti mọ èsì kó tó béèrè. "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n yín lọ?"

Ọkọ rẹ̀ wo alùpùpù. Ó wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, èékánná dúdú, ìka tí abẹ́rẹ́ ti gún ní àgúntúngún. Ó wo ojú rẹ̀ pẹ́. Kò sọ nǹkan kan.

"Ọ̀gá? Bóyá ẹ ò gbọ́ mi. Ṣé ẹ fẹ́ lọ?"

Ọkùnrin náà kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́.

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé ejìká aránṣọ. "Nǹkan tó o tún ṣe yìí ni wàá máa gùn wá. Ìgbà yòówù kó jẹ́. Mi ò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ."

Aránṣọ kó aṣọ ọkọ rẹ̀ sínú báàgì. Wọ́n jọ gbé e dé inú mọ́tò. Mọ́tò yí ẹ̀yìn, ó lọ.

Ó ní kóun wọlé lọ parí aṣọ oníbàárà kan. Kó tó wọlé, ó ní kóun sinmi díẹ̀ lórí àga tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀, tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tó fẹ́ dìde, ara kò gbà. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ejìká ń dùn ún, ojú rẹ̀ wúwo bí òjé. Ìgbà wo ló ti rẹ òun tó báyìí? Òun kò mọ̀. Ẹni tó ti ń jókòó sórí àga yìí láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń wo òun, ló mọ̀.